Oògùn Tí Ìyàwó Rẹ Kò Lè Fọwọ́ Lásán Kàn

Yàrá iwájú,
Nídìí tábìlì iṣẹ́ mi.

Ọmọ mi àkọ́bí,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú oòrùn àti eruku orí afárá tí ẹ ń kọ́ lọ́hùn-ún. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ le, pé oúnjẹ ń lọ lẹ́nu rẹ, àti pé irin kankan kò já lé ẹnikẹ́ni lórí nínú yín. Èmi náà wà, àfi ojú ọ̀tún mi tó ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ nítorí aago kéékèèké tí mò ń tún ṣe. Ìyá rẹ wà láàyè. Mo mọ̀ pé gbólóhùn tí ò ń wá nìyẹn, ìdí nìyí tí n kò fi jẹ́ kó pẹ́: ìyá rẹ wà láàyè, ó ń jẹun, ó sì ń bú ènìyàn bó ṣe yẹ.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló gbé bàbá mi dé ìdí lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Fóònù ilé yìí, abẹ́ ìrọ̀rí ìyá rẹ ló ń sùn. Bí mo bá sì yá ti ẹlòmíràn, olúwarẹ̀ á dúró tì mí, á máa wo òkè bí ẹni tí kò gbọ́. Wọ́n ní ògiri létí. Ti ilé wa yìí lẹ́nu pẹ̀lú. Màá fi gọ́ọ̀mù lẹ lẹ́tà yìí pa kí n tó fi lé alábàáṣiṣẹ́ rẹ lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, kà á tán kí o tó ṣe ohunkóhun. Mo mọ ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ, pé kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ. Ó fi hàn mí lójú fóònù rẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń retí kí n sọ pé kì í ṣe ìwọ lo kọ ọ́.

Ẹsẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn bíríkìlà tó tún gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ṣe fi àfọ́kù táìlì sílẹ̀ kiri, ìyá rẹ sì fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ọ̀kan. Ó fọ̀ ọ́, ó fi aṣọ dì í, ó ní kò sí nǹkan kan. O kúkú mọ ìyá rẹ: bí ilé bá ń jó, á ní iná àdògán ni. Ìyàwó rẹ ló ń bá a fọ aṣọ tó rí i pé ìbọ̀sẹ̀ kan ń rùn. Ó tú ẹsẹ̀ náà wò, ó kígbe. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ tó kéré jù ti wú, awọ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ti ń dán bí ìgò. Kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa, ó wọ́ ìyá rẹ lọ sí kílíníkì.

Wàyí o, o mọ òfin ilé wa. Láti ìgbà tí o wà ní jẹ́lé-ó-sinmi ni ìyá rẹ ti ń sọ fún ará ayé pé ara òun kọ pẹnisílínì. Bí oríkì ló ṣe ń kà á. Àlejò kì í tíì jókòó dáadáa kó tó gbọ́ bí ìyá rẹ ṣe lò ó sí ọ̀nà ọ̀fun, bó ṣe bì títí ìfun fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀lé e, bó ṣe ń sáré lọ sáré bọ̀ láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ìyàwó rẹ ti gbọ́ ìtàn náà débi pé bí ìyá rẹ bá fo ibì kan, òun ló ń rán an létí.

Kápúsù ni wọ́n fún un ní kílíníkì, orúkọ mìíràn ló sì wà lára páálí rẹ̀. Ìyàwó rẹ ló ń fún un ní ti àárọ̀ kó tó lọ kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwé, á tún fún un ní ti ìrọ̀lẹ́ bó bá dé. Ibí yìí ni mo ti rí ohun tí n kò sọ fún ẹ̀dá kankan. Mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo fi awò sójú, mò ń wá ìdè aago kan tó já bọ́. Mo gbójú sókè. Ìyàwó rẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi ọ̀rá bọ ọwọ́, ó ń fi ìka yọ kápúsù náà bí ẹni mú àkeekèé nírù. Ó jù ú sínú ṣíbí, ó yí ọ̀rá náà sódì, ó sọ ọ́ nù, ó wá ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ bó awọ kúrò. Mo bi ara mi pé: oògùn tí ẹni tó ń fúnni kò lè fọwọ́ lásán kàn, irú oògùn wo nìyẹn?

Mo pa á mọ́ra. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀ kì í ṣe é kó. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti di ọlọ́pàá inú ilé ara mi. Bí ìyàwó rẹ bá kí mi, mo ń gbọ́ ohun tó wà lábẹ́ ìkíni. Bó bá rẹ́rìn-ín, mo ń wo ojú rẹ̀ bóyá ojú náà ń bá ẹnu rìn. Mo ṣọ́ ọ títí, bákan náà ló ń ṣe é: ọ̀rá, ṣíbí, ọṣẹ. Kò sì jẹ́ fi ṣíbí yẹn sáàárín àwọn yòókù. Ọmọ mi, n kò purọ́ fún ọ, ẹ̀rù ọmọ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí.

Kò pẹ́ sí i ni inú ìyá rẹ dàrú. Ó bì, ó sì ṣu gbuuru. Aládùúgbò wa tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Oníròyìn wọlé wá kí i, ó gbé páálí oògùn náà, ó gbé e jìnnà sójú, ó gbé e súnmọ́ ọn, ó ní, “Ṣé ẹ mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni èyí àti pẹnisílínì?” Àfi bí ẹni da epo síná! Ìyá rẹ fọ́n kápúsù yòókù sí gọ́tà. Ó ní, “Ó mọ̀! Ó mọ̀ pé ara mi kọ̀ ọ́! Mo ti sọ ọ́ létí ẹ̀ títí ẹnu fi bó mi!” Ìyàwó rẹ dúró síbẹ̀, kò jiyàn. Ohun tó wí kò ju, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn yẹn dúró.” Ó yà mí lẹ́nu pé kò sọ pé òun kò mọ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á búra. Ọjọ́ yẹn náà ni ìyá rẹ pè ọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé wa di ilé ìṣọ́. Ìyá rẹ ń fi ẹsẹ̀ kan tiro lọ dáná, ó fi kọ́kọ́rọ́ sí kọ́bọ́ọ̀dù ìkòkò, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìdí ìró. Omi tí ìyàwó rẹ bá pọn, kò ní bù ú mu. Èmi ni ó ń mú tọ́ ọbẹ̀ wò kó tó jẹ ẹ́, kódà ọbẹ̀ tó fọwọ́ ara rẹ̀ sè! Mo ní, “Ìwọ, bí májèlé bá wà níbẹ̀ ń kọ́?” Ó ní, “Bàbá àwọn ọmọ, ìwọ lo kọ́kọ́ dàgbà.” Ọ̀rọ̀ rẹ wọlé lórí fóònù ní àárín gbogbo èyí, ìyàwó rẹ sì kó àpótí rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. N kò dá a dúró. Ọ̀rá yẹn ṣì wà lójú mi.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò mọ̀ pé à ń jà. Wíwú náà gun ọrùn ẹsẹ̀, ara ìyá rẹ gbóná, ó ń pe orúkọ àwọn tó ti kú. Ta ni mo lè pè? Ìyàwó rẹ náà ni. Kò béèrè pé ṣé wọ́n ti dárí ji òun. Ó gbé takisí wá, ó gbé ìyá rẹ lé ẹ̀yìn mi, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Oògùn mìíràn ni wọ́n kọ́kọ́ fà sí i lára, nítorí ohun tí ìyá rẹ kọ́kọ́ sọ ní ẹnu ọ̀nà ni pé ara òun kọ pẹnisílínì. Oògùn náà kò ran ẹsẹ̀ ọ̀hún. Dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbi ọmọ-ìka.

Ibẹ̀ ni mo ti tún rí nǹkan mìíràn. Mo jáde lọ wá omi, mo rí ìyàwó rẹ àti dókítà obìnrin tó ń tọ́jú ìyá rẹ ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀. Dókítà di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Bí wọ́n ṣe rí mi ni ẹnu wọn pa. Wọ́n mọ ara wọn! Dókítà yìí kan náà ló sì wọlé wá lẹ́yìn náà tó ní pẹnisílínì gan-an ni òun fẹ́ lò. Ìyá rẹ kọ ojú sí mi, ó ní, “Ṣé o rí i? Wọ́n fẹ́ parí iṣẹ́ tí èyí bẹ̀rẹ̀.” N kò lè sọ fún un pé irọ́ ni.

Dókítà fa àga, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Màmá, ẹ sọ fún mi, kí ló ṣe yín gan-an nígbà yẹn?” Ìyá rẹ ní, “Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.” Dókítà ní, “Báwo?” Ìyá rẹ gbé oríkì rẹ̀ jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Dókítà gbọ́ ọ tán, ó wá ń bi í lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé ara yún un? Ṣé ó sú? Ṣé ètè tàbí ojú wú? Ṣé ọ̀fun fún un, tí èémí ń há? Ìyá rẹ fa aṣọ ìbora sókè. Ó wò mí. Èmi ni mo wà níbẹ̀ nígbà náà, mo sì rántí dáadáa. Mo ní kò sí ọ̀kan. Inú nìkan ni, nígbà tí ọ̀fun ń dùn ún tí kò lè jẹun, tó ń gbé oògùn mì sí ikùn òfìfo. Ìyá rẹ wò mí bí ẹni tí ọkọ rẹ̀ lọ jẹ́rìí takò nílé ẹjọ́.

Dókítà ní, “Màmá, oògùn yìí máa ń da inú ọ̀pọ̀ ènìyàn rú, àgàgà tí wọn kò bá jẹun sí i. Ó ń bá ikùn yín jà ni, ara yín kò kọ̀ ọ́. Èyí tí ara bá kọ̀, á sú síni lára, ojú á wú, ọ̀fun á dí. Ìyẹn ń pani. Orúkọ kan náà la ń pe méjèèjì, wọn kì í sì í ṣe ẹbí.” Ó ní òun á fún un ní díẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, òun á jókòó tì í, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gba ẹ̀mí là á sì wà nítòsí bí nǹkan bá yí padà. Ó kìlọ̀ fún gbogbo wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dán irú rẹ̀ wò nílé.

Ìyá rẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ara sókè lórí ìrọ̀rí, ó na ìka sí ìyàwó rẹ tó dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, “Bó bá jẹ́ pé oògùn gidi ni, kí ó kọ́kọ́ gbé e mì. Níṣojú mi.” Àwọn tó ń ráhùn lórí bẹ́ẹ̀dì tiwọn gan-an dá ìráhùn dúró. Ìyàwó rẹ fà sẹ́yìn. Ó mi orí, ó ní, “Màmá, n kò lè gbé e mì. Ó máa pa mí.” Ìyá rẹ pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́ ọ! Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́! Ó máa pa á! Èyí tó máa pa á ló ń fún mi jẹ!”

Èmi náà dìde. Ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ yìí wá bú jáde. Mo ní, “Ìyàwó, ọ̀rá tí o fi ń bọ ọwọ́ ńkọ́? Mo rí ọ.” Ọmọ náà wò mí. Ìgbà yẹn ni omi tó bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ ti ń wò mí láti ìgbà yẹn, ẹ kò sì béèrè?” Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Pẹnisílínì tí ìyá rẹ ń pariwo pé ara òun kọ̀, ara ìyàwó rẹ ló kọ̀ ọ́ ní tòótọ́. Kí ó tó wọ ilé wa, ó lò ó sí eyín, omi tó fi gbé e mì kò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tí ojú rẹ̀ fi wú pa, tí ọ̀fun rẹ̀ dí, wọ́n sì gbé e dé ilé ìwòsàn yìí láìmọ ẹni tó ń gbé òun. Dókítà obìnrin yìí ló gbà á là. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ ara wọn, ọ̀rọ̀ ìyá rẹ ló sì ń bá a sọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Láti ìgbà náà, kì í jẹ́ kí ìyẹ̀fun oògùn náà kan òun lára. Ó ní òun sọ fún ọ kí ẹ tó fẹ́ra, o sì ní o gbọ́. Ọmọ mi, ṣé o gbọ́ ni, àbí orí lo kàn mì?

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún wa. Ó ní, “Bàbá, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọlé ni Màmá ti sọ ti wọn fún mi. Tí mo bá ní èmi náà, ṣé wọn ò ní ní mò ń sín wọn jẹ?” Òtítọ́ ni. Ìyàwó tuntun kì í bá ìyá ọkọ du àìsàn.

Ṣùgbọ́n má rò pé ìyá rẹ fura lásán. Ohun kan wà tí ìyàwó rẹ fi pamọ́. Ní kílíníkì àkọ́kọ́, nígbà tí ìyá rẹ jókòó síta, òun ló ro ìtàn ìyá rẹ fún ẹni tó ń tọ́jú wọn. Onítọ̀hún ní inú rírú lásán ni ìyẹn, pé kí ìyá rẹ jẹun kó tó lò ó, kí ó sì ṣàlàyé fún un. Ìyàwó rẹ bẹ̀rù ariwo, kò ṣàlàyé. Ó ń gbé oúnjẹ síwájú ìyá rẹ kó tó lọ, ìyá rẹ sì ń gbé e pamọ́ nítorí ẹsẹ̀ ti gba ìfẹ́ oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Dókítà bá a wí níwájú gbogbo wa. Ó ní, “Ẹni tó máa gbé oògùn mì ni etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́. O ṣe ohun tó dára bí ẹni ń jalè.” Ìyá rẹ mi orí sí èyí bí adájọ́.

Ó gbà láti lò ó. Kì í ṣe pé ó gbà wá gbọ́ o; ó ní bí òun bá kú, kí gbogbo wọ́ọ̀dù jẹ́rìí. Ó lo díẹ̀, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ bí òkú, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń wo dókítà, dókítà ń wo òun. Ó sọ ẹni tí yóò jogún ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ìyàwó rẹ dúró lókèèrè lẹ́nu ọ̀nà. Oòrùn yí kúrò lójú fèrèsé kan bọ́ sí òmíràn. Inú rẹ̀ kùn díẹ̀, ó ní, “Ó ti dé!” Kò sí ohun tó dé. Ó sùn, ó hanrun, nígbà tó jí ó béèrè oúnjẹ. Wọ́n fún un ní oògùn náà lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, wíwú ẹsẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀.

Ohun tí oògùn kò lè dá padà ni ọmọ-ìka yẹn. Ó ti kú kí a tó gbọ́n. Wọ́n gé e. Ìyá rẹ ní kí n má sọ fún ọ, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Ìfura wa ló jẹ ẹ́, tèmi wà níbẹ̀, tìyá rẹ wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìwọ fi ránṣẹ́ náà sì wà níbẹ̀.

N kò ní í sọ fún ọ pé ìyá rẹ tọrọ àforíjì. Ó ṣì ń gbóòórùn omi kó tó mu ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a padà lọ tú ojú egbò, ìyàwó rẹ wá láti ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti tẹ̀lé wa. Nọ́ọ̀sì kan tí kò mọ̀ wá bi ìyá rẹ pé ṣé oògùn kankan wà tí ara rẹ̀ kọ̀. Mo di àga mú, mo ń dúró de oríkì. Ìyá rẹ ní, “Èmi? Kò sí. Inú mi ló burú.” Ó wá yí padà, ó fa ìyàwó rẹ lọ́wọ́ wá síwájú, ó pariwo débi pé àwọn tó wà níta yọjú: “Ṣùgbọ́n ọmọ mi yìí, pẹnisílínì máa pa á o! Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà! Ẹni tó bá fún un, èmi àti ẹ̀ ló máa jọ rí i!” Nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe ìyàwó rẹ ló wá gba ìtọ́jú. Ìyá rẹ ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi, gba ọ̀rọ̀ rẹ padà lẹ́nu ara rẹ, má fi rán mi. Pe ìyàwó rẹ bí o bá ti ka èyí tán. Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ̀ ìyá rẹ. Bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tìrẹ. Kí Ẹlẹ́dàá ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ lórí irin, kí ọwọ́ rẹ má ṣe yọ̀, kí ilé tí o fi sílẹ̀ má ṣe di ahoro lẹ́yìn rẹ. Ọ̀rọ̀ tí yóò tú ọ ká kò ní í tẹnu rẹ jáde. Àṣẹ.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Atúnaagoṣe.

Àfikún: Mo fẹ́ pa lẹ́tà yìí dé ni ìyá rẹ tiro wọlé. Ó lọ gbé àpótí ìyàwó rẹ fúnra rẹ̀ ní ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun kàn ń kọjá níbẹ̀ ni. Ìyàwó rẹ wà nílé ìdáná báyìí, wọ́n ń jiyàn lórí iyọ̀. Ìyá rẹ rí mi tí mo fi ọwọ́ bo bébà, ó sì ti lọ dúró lẹ́yìn aṣọ ojú fèrèsé, ó rò pé n kò rí i. Ó dá a lójú pé obìnrin kan ni mò ń kọ̀wé sí. Yára dá mi lóhùn, kí o sì kọ orúkọ rẹ gàdàgbà sí ẹ̀yìn lẹ́tà náà kí ó lè rí i.